Guan Yu, Xiang Yu, Zhou Yu, Li Yu: ta ló ń bá ta jẹ́ orúkọ kan náà?

Olùbéèrè

Mo ń to orúkọ àwọn ará Ṣáínà tó ń jẹ́ Yu jọ, àtàwọn tó gbé ayé rí àtàwọn tí òǹkọ̀wé dá sílẹ̀, kí àwa tí à ń wo fíìmù wọn tí a sì ń ka ìtàn wọn lè mọ ẹni tí wọ́n ń sọ. Àwọn tí mo ti rí nìyí: Guan Yu, Xiang Yu, Zhou Yu, Lu Yu, Yu tó kápá ìkún omi, Deng Yu, Li Yu, Zhang Yu, Yu Jin, Jia Baoyu. Mo fẹ́ kó gbogbo wọn sábẹ́ orí kan ṣoṣo, torí Y àti U náà ni wọ́n fi kọ gbogbo wọn. Ẹnì kan ní kí n yọ Xiang Yu kúrò. Ẹlòmíì ní Zhou Yu ni kí n yọ. Li Yu ló wá tojú sú mi jù: ìwé kan pè é ní ọba, òmíì pè é ní òǹkọ̀wé eré, ọdún tó sì wà láàárín méjèèjì lé ní 600. Kí la fi ń mọ̀ pé ẹni méjì jọ ń jẹ́ orúkọ kan?

---

Atúmọ̀

Àmì tí àwọn ará Ṣáínà fi kọ orúkọ náà níwèé tiwọn ni. Ẹ pa Y àti U tì. Pinyin nìyẹn, ìlànà tí ìjọba Ṣáínà fọwọ́ sí ní 1958 láti máa fi lẹ́tà àwọn ará Róòmù kọ èdè wọn. Ó máa ń da orúkọ tí kò bára tan pọ̀ sójú kan, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ti yọ àmì ohùn kúrò. Èdè olóhùn ni tiwọn bíi tiwa. Ẹni tó kọ igba, igbá, ìgbà àti igbà láì fàmì sí i, tó wá ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ohun tí ẹ fẹ́ ṣe sí Yu nìyẹn.

Guan Yu, ọ̀gágun ìgbà Ìjọba Mẹ́ta, ni 關羽. Ìyẹ́ ẹyẹ ni 羽, ohùn kẹta ló ní, ìyẹn ohùn tó ń lọ sísàlẹ̀ kó tó gòkè. Lu Yu tó kọ̀wé nípa tíì ni 陸羽, àmì kan náà gan-an. Àwọn méjèèjì yìí jọ ń jẹ́ orúkọ kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan kú ní 220, tí wọ́n sì bí èkejì ní 733. Zhou Yu, ọ̀gágun ìgbà kan náà, ni 周瑜, ohùn kejì, tó ń gòkè. Òkúta jéèdì tó dára ni 瑜. Yu tó parí orúkọ Jia Baoyu, 賈寶玉, ọmọkùnrin inú ìwé àròsọ, jéèdì náà ni, ṣùgbọ́n àmì mìíràn, ohùn kẹrin, tó ń já wálẹ̀.

Èèyàn méjì ni Li Yu yín. 李煜 (937 sí 978) ni ọba, òun ló jẹ kẹ́yìn ní ìjọba Gúúsù Tang, ewì rẹ̀ ni ayé sì fi ń rántí rẹ̀ jù. Congjia ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, ìgbà tó gorí oyè ní 961 ló sọ ara rẹ̀ di Yu. 李漁 ni òǹkọ̀wé eré, tó kú ní 1680. Òun náà yí orúkọ padà ni, Xianlü ni tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni 煜, ohùn kẹrin. Ẹja pípa ni 漁, ohùn kejì. Kò sí ohun tó pa wọ́n pọ̀ ju orúkọ ìdílé lọ.

Yu Jin kò tiẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. 于 ni Yu tirẹ̀, orúkọ ìdílé ni, torí iwájú ni wọ́n máa ń fi orúkọ ìdílé sí. Ẹ yọ ọ́.

---

Òpìtàn

Mo fara mọ́ ti àmì. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni bí Atúmọ̀ ṣe ń gbé ohùn lárugẹ bíi pé ó tó láti fi dájọ́. Kò tó.

Ẹ wo ìran ọba Liu Song, tó jọba ní gúúsù Ṣáínà láti 420 sí 479. Liu Yu, 劉裕, ló dá a sílẹ̀. Ọba tó jẹ níbẹ̀ láti 466 sí 472 ni Liu Yu, 劉彧. Ọmọ rẹ̀ tó gorí oyè tẹ̀lé e, tí wọ́n pa ní 477, ni Liu Yu, 劉昱. Ohùn kẹrin ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lóde òní. Ẹni tó bá fi ohùn nìkan ṣe àtòkọ yóò kọ ọ́ pé bàbá àti ọmọ jọ ń jẹ́ orúkọ kan, ní ilẹ̀ tí ọmọ ò ti gbọ́dọ̀ fẹnu pe orúkọ bàbá rẹ̀, ká má tíì sọ pé kó máa jẹ́ ẹ. Àmì wọn yàtọ̀ pátápátá. Bí wọ́n ṣe ń pe 裕 nígbà náà sì yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe ń pe méjì yòókù. Cantonese, èdè kan ní gúúsù Ṣáínà, ṣì pa ìyàtọ̀ yẹn mọ́: yu ni wọ́n ń pe 裕, yuk ni wọ́n ń pe 彧 àti 昱.

Àwọn tó bá àwọn ọba yìí jẹ́ orúkọ kan náà wà lágbo Cao Cao, ọ̀gágun tó ń ṣàkóso àríwá Ṣáínà, ní nǹkan bí 250 ọdún ṣáájú wọn. Xun Yu, 荀彧, olùdámọ̀ràn rẹ̀, bá bàbá jẹ́ orúkọ. Cheng Yu, 程昱, bá ọmọ jẹ́ ẹ. Cheng Li, 程立, ni Cheng Yu yìí ń jẹ́ nígbà èwe rẹ̀. Ó máa ń lálàá pé òun gun òkè Tai, òun sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé oòrùn. Nígbà tí Cao Cao gbọ́, ó gbé àmì oòrùn, 日, lé orí 立, ó di 昱. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí oòrùn lókè, ẹ ó rí Li lábẹ́ rẹ̀. Kò sí bí lẹ́tà Róòmù ṣe lè fi ìyẹn hàn.

---

Olùbéèrè

Ó yé mi. Xiang Yu ńkọ́? Mo ti wo àmì rẹ̀, 項羽 ni, 羽 ti Guan Yu gan-an. Ó wọlé nìyẹn, àbí?

---

Atúmọ̀

Kò wọlé. Ji, 籍, ni orúkọ tí wọ́n sọ Xiang Yu, jagunjagun àtijọ́ náà. Yu jẹ́ zi rẹ̀. Tí ọkùnrin bá pé 20 ọdún láyé ìgbà náà, wọn a dé e ní fìlà àgbà, wọn a sì fún un ní orúkọ kejì tí ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò máa fi pè é, torí ìwọ̀sí ni kí ẹgbẹ́ ẹni máa pe orúkọ àbísọ ẹni. Orúkọ kejì yẹn ni zi. Ti Guan Yu ni Yunchang, ti Lu Yu ni Hongjian. Àtòkọ yín, ti orúkọ àbísọ ni. Bí ẹ bá kó zi mọ́ ọn, ẹ ò ní lè parí rẹ̀ láé.

---

Òpìtàn

Òfin yẹn dára lórí ìwé, ṣùgbọ́n ta ló ń wá Xiang Ji? Láti ìgbà tó ti kú ní 202 ṣáájú ìbí Jésù, Xiang Yu ni gbogbo ayé ń pè é. Àkọlé ìtàn rẹ̀ nínú ìwé Sima Qian, òpìtàn ìgbà Han, gan-an, Xiang Yu ni. Ẹni tó bá ṣí àtòkọ Yu tí kò rí i, yóò rò pé ẹ gbàgbé rẹ̀ ni. Ẹ fi í sí i, kí ẹ kọ "zi, kì í ṣe orúkọ àbísọ" síwájú rẹ̀.

Zi sì wúlò ju bí Atúmọ̀ ṣe gbé e kalẹ̀ lọ, torí ó sábà máa ń tan mọ́ orúkọ àbísọ. Bí ẹ bá ṣiyèméjì lórí àmì, zi ni ẹlẹ́rìí yín. Chongguang, "ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po méjì", ni zi Li Yu ọba. Ó bá 煜 mu, kò sí ibi tó ti kan ẹja. Ti Lu Yu tún wọnú ara ju ìyẹn lọ. Ọmọ tí wọ́n gbé jù sílẹ̀ ni, tí ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn Búdà kan tọ́ dàgbà ní Jingling, tó ń jẹ́ Tianmen báyìí ní ìpínlẹ̀ Hubei. Nínú ìwé ìwoṣẹ́ Yijing ni wọ́n ti mú orúkọ fún un, lábẹ́ odù 53, níbi tó ti sọ nípa ẹyẹ hong tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ bọ̀ lórí ilẹ̀, tí ìyẹ́ rẹ̀ ṣeé fi ṣe ọ̀ṣọ́. Orúkọ ìdílé (Lu), orúkọ (Yu) àti zi (Hongjian), inú gbólóhùn kan yẹn ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jáde.

Ẹ tún ṣọ́ra fún Zhou Yu àti Zhuge Jin, ẹ̀gbọ́n Zhuge Liang. Sun Quan, aláṣẹ gúúsù nígbà Ìjọba Mẹ́ta, ni àwọn méjèèjì ń sìn. Zhou Yu ni 瑜, zi rẹ̀ ni Gongjin, 公瑾. Zhuge Jin ni 瑾, zi rẹ̀ ni Ziyu, 子瑜. Orúkọ ọ̀kan wà nínú zi èkejì, jéèdì sì ni 瑜, jéèdì ni 瑾. Ẹni tó bá ń kánjú á kọ Zhuge Ziyu sábẹ́ àwọn Yu, á tún kọ Zhou Gongjin sábẹ́ àwọn Jin.

---

Atúmọ̀

Ẹ fi Xiang Yu sí i nígbà náà, ṣùgbọ́n kí ó ní òpó tirẹ̀. Tó bá wà láàárín Guan Yu àti Lu Yu láìsí àlàyé, àṣìṣe ni mo pè é.

---

Alátòkọ

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí iṣẹ́. Òpó mẹ́fà ni kí tábìlì ní: orúkọ ìdílé, àmì Yu, ohùn, irú orúkọ (àbísọ, zi, tàbí orúkọ tó fún ara rẹ̀), ọdún, àti bóyá ó gbé ayé rí tàbí inú àròsọ ló wà. Àmì ni kí ẹ fi to ó, kì í ṣe ọdún, kì í sì í ṣe ABD.

Àmì ni ẹ óò kọ́kọ́ wá, kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Ẹ dà á kọ láti inú ojú ìwé tó jẹ́ lẹ́tà gidi, ẹ má dà á láti inú ìwé tí ẹ̀rọ ya fọ́tò rẹ̀ tó wá sọ di lẹ́tà. Ẹ̀rọ yẹn sábà máa ń ka 彧 sí 或, àmì kan tó wọ́pọ̀ gan-an, tí wọ́n ń pè ní huo. Ẹ ka ilà inú 彧, ẹ óò rí i pé ó fi méjì lé ti 或. Ó tún máa ń já iná ẹ̀gbẹ́ 煜 dà nù, tí ọba Gúúsù Tang á fi di 昱.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ya orúkọ ìdílé sọ́tọ̀. Àmì kan ló sábà máa ń jẹ́, ṣùgbọ́n Zhuge, Sima àti Ouyang, àmì méjì méjì ni.

Ẹ ó rí ìkọ̀wé àtijọ́ àti ti òde òní tí wọ́n dín ilà rẹ̀ kù. Nínú gbogbo àmì Yu tí a ti dárúkọ, 漁 nìkan ló yí padà, ó di 渔. Àwọn yòókù ò yí. Orúkọ ìdílé ló ń yí jù: 關 di 关, 陸 di 陆, 項 di 项, 劉 di 刘, 張 di 张. Ẹ fi méjèèjì wá a, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ óò pàdánù ìdajì ohun tó wà nílẹ̀.

Ọdún náà máa ń dáni láàmú. Ẹ óò rí 219 fún ikú Guan Yu níbì kan, 220 níbòmíì. Ẹnì kan náà ni. Oṣù kejìlá ọdún tiwọn ló kú, ìbẹ̀rẹ̀ 220 sì ni ìyẹn bọ́ sí nínú kàlẹ́ńdà tiwa.

Bí ẹ bá sì ń wá Guan Yu nínú ìwé ìtàn àròsọ Ìjọba Mẹ́ta, Guan Gong tàbí Yunchang ni kí ẹ wá. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n ní fún un kì í jẹ́ kí òǹkọ̀wé kàn máa pe Yu lásán.

---

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun. Ó ku Zhang Yu. Mo rí ẹni mẹ́rin, mi ò mọ èyí tí ń bá èyí jẹ́.

---

Òpìtàn

張禹, ìjòyè àgbà ìgbà Han tó kú ní ọdún 5 ṣáájú ìbí Jésù, ọ̀mọ̀wé Kọnfuṣọ́ọ̀sì ni. 張羽, akéwì ìbẹ̀rẹ̀ Ming (1333 sí 1385). 張羽 mìíràn, akẹ́kọ̀ọ́ inú eré ìgbà Yuan, ẹni tó se omi òkun títí ọba òkun fi gbà kó fẹ́ ọmọ òun. Àròsọ ni. 張玉, ọ̀gágun tó kú lójú ogun Dongchang nígbà tó ń jà fún ẹni tó padà di ọba Yongle.

Akéwì àti akẹ́kọ̀ọ́ inú eré nìkan ló jọ ń jẹ́ orúkọ kan pátápátá, ìdílé àti àbísọ. Wọ́n sì dara pọ̀ mọ́ Guan Yu àti Lu Yu lábẹ́ 羽.

禹 ló kún jù nínú àwọn ará Han. Yu tó kápá ìkún omi ló ni ín lákọ̀ọ́kọ́, ẹni tí ìtàn ní ó dá ìran ọba Xia sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Gong Yu, ìjòyè tó kú ní 44 ṣáájú ìbí Jésù, Huo Yu ọmọ Huo Guang tí wọ́n pa ní 66 ṣáájú ìbí Jésù, Zhang Yu tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ, àti Deng Yu (2 sí 58 lẹ́yìn ìbí Jésù), ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọ̀gágun 28 ti ọba Guangwu. Ìdí tó fi kún báyìí ni pé àmì kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ orúkọ àbísọ nígbà Han. Nígbà tí Wang Mang jọba, láti 9 sí 23, ó tiẹ̀ fòfin de orúkọ alámì-méjì. Ìyẹn ló fà á tí ìtàn Ìjọba Mẹ́ta fi kún fún orúkọ kúkurú: Bei, Yu, Fei, Cao, Quan, Yun. Orúkọ kúkurú ò pọ̀ tó èèyàn, wọ́n á pàdé ara wọn ṣáá.

---

Alátòkọ

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ ká yanjú kí ẹ tó tẹ tábìlì náà sójú ayé. Ṣé ẹ ó fi àmì ohùn pinyin sórí orúkọ wọn nínú Yorùbá? Mo ní kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá kọ Zhōu Yú, ọmọ Yorùbá á pe Yú yẹn lóhùn òkè, torí ohun tí àmì náà jẹ́ fún wa nìyẹn. Nínú pinyin, ohùn tó ń gòkè láti àárín ni. Ohùn òkè gbọọrọ ni àmì tó wà lórí Zhōu, àwa ò sì lò ó bẹ́ẹ̀. Àmì ohùn ìsàlẹ̀ tiwa ni wọ́n fi ń kọ ohùn kẹrin, tó bẹ̀rẹ̀ lókè tó sì já wálẹ̀. Ẹ kọ Zhou Yu lásán, kí ẹ fi nọ́ńbà ohùn sínú òpó tirẹ̀.

---

Atúmọ̀

Mo gbà, pẹ̀lú àfikún kan. Ẹ sọ fún òǹkàwé pé "yu" wọn kì í ṣe "yu" tiwa. Ahọ́n á wà níbi tí à ń gbé e sí fún "i", ètè á ká jọ bí ìgbà tí à ń pe "u". Ìdí nìyẹn tí àwọn ìwé àtijọ́ tí kò lo pinyin fi ń kọ Kuan Yü, pẹ̀lú àmì méjì lórí u. Bí àmì méjì yẹn bá ti sọnù nínú ìwé bẹ́ẹ̀, wàhálà dé, torí Yu lásán nínú ìlànà yẹn ni pinyin ń kọ ní You. Orúkọ mìíràn pátápátá ni.

---

Òpìtàn

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀, torí ó kàn wá gan-an. Guan Yu wà ní Kúbà. Àwọn òṣìṣẹ́ alágbàṣe láti gúúsù Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ sí í gúnlẹ̀ sí Havana ní 1847, wọ́n sì gbé e lọ. Ó di San Fan Con níbẹ̀. Guan Gong ni orúkọ yẹn ti wá, Guan Gong sì ni ọ̀nà ọ̀wọ̀ tí wọ́n fi ń pe Guan Yu. Níbẹ̀ ni òun àti Ṣàngó ti pàdé, pẹ̀lú Santa Bárbara, ẹni mímọ́ ìjọ Kátólíìkì. Pupa ni ojú Guan Yu nínú gbogbo àwòrán rẹ̀, pupa ni aṣọ Ṣàngó, jagunjagun sì ni àwọn méjèèjì. Ẹ kọ San Fan Con sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú tábìlì, torí ẹni tó bá ka ìwé Kúbà ò ní rí Yu kankan níbẹ̀.

---

Olùbéèrè

Mi ò mọ ìyẹn rí, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Jia Baoyu wá ńkọ́? Àti Lin Daiyu? Inú ìwé kan náà ni wọ́n wà, Yu sì ló parí orúkọ àwọn méjèèjì.

---

Atúmọ̀

Orúkọ kan ò pa àwọn méjèèjì pọ̀. Baoyu lódindi ni orúkọ àbísọ ọ̀kan, Daiyu lódindi ni ti èkejì. Wọ́n ní àmì kan, 玉, tó pa wọ́n pọ̀, ìyẹn ò sọ wọ́n di olórúkọ kan. Ẹni tó bá Jia Baoyu jẹ́ orúkọ nínú ìwé yẹn ni Zhen Baoyu, ọmọ ìdílé Zhen ní gúúsù. Ojú wọn jọra, ìwà wọn nígbà èwe jọra, àmì orúkọ wọn kò fi ilà kan yàtọ̀. Cao Xueqin, tó kọ ìwé náà, mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni: ẹ pe Jia, ẹ óò gbọ́ "ayédèrú", ẹ pe Zhen, ẹ óò gbọ́ "òtítọ́". Ẹ yọ Baoyu kúrò lábẹ́ Yu, kí ẹ ṣí orí tuntun fún Baoyu, kí ẹ to méjèèjì síbẹ̀.

---

Òpìtàn

Ìyẹn tọ̀nà fún tábìlì. Ṣùgbọ́n ará inú ìwé náà fúnra wọn ka 玉 yẹn sí. Ìránṣẹ́bìnrin kan wà tó ń jẹ́ Hongyu. Torí pé 玉 wà nínú orúkọ Baoyu àti Daiyu, wọ́n ní kó jẹ́ Xiaohong. Daiyu náà ń ṣe irú rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ tó ń jẹ́ Min, 敏. Níbikíbi tó bá ti kan àmì yẹn nínú ìwé, "mi" ni ó ń kà á sí, tó bá sì fẹ́ kọ ọ́, á fi ilà kan tàbí méjì sílẹ̀. Ẹ fi àkọsílẹ̀ kékeré sí abẹ́ Baoyu nípa Hongyu, torí òun ni ẹ̀rí tó hàn jù lọ pé orúkọ tó jọra kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Fún ti Guan Yu, ẹ má ya ti ìtàn àti ti àròsọ sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹnì kan ni. Ẹ kàn sọ pé idà gígùn oníwọ̀n jin 82 àti ìmùlẹ̀ inú ọgbà èso písì, inú ìwé àròsọ ni wọ́n ti wá, àkọsílẹ̀ ìtàn kò mọ̀ wọ́n.

---

Olùbéèrè

Mo ti tún un tò. Ẹnì kan ló kù tí mi ò mọ ibi tí mo máa fi sí: Yu Ji, obìnrin Xiang Yu tó wà pẹ̀lú rẹ̀ lóru ọjọ́ tí wọ́n yí i ká ní Gaixia. Ṣé orúkọ ìdílé ni Yu tirẹ̀ bíi ti Yu Jin, tàbí orúkọ àbísọ?

---

Òpìtàn

Ìwé méjèèjì tó sún mọ́ ọn jù kò fẹnu kò. Sima Qian kọ ọ́ pé arẹwà náà "ń jẹ́" Yu. Ban Gu, òpìtàn mìíràn, ní bíi 200 ọdún lẹ́yìn rẹ̀, kọ ọ́ pé Yu ni orúkọ ìdílé rẹ̀. Mo tẹ̀lé Sima Qian, torí òun ló kọ́kọ́ kọ ọ́. Ji tó tẹ̀lé e kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin ààfin ni.

---

Atúmọ̀

Ti Ban Gu ni mo tẹ̀lé ní tèmi, torí Yu Ji tí gbogbo ayé ń pè é, orúkọ ìdílé ló sábà máa ń wà níwájú irú rẹ̀. Èyí ó wù kí ẹ mú, 虞 ni àmì rẹ̀, ohùn kejì, kò sì bá ẹnikẹ́ni dọ́gba nínú tábìlì yín. Ẹ fi í sí ìlà tirẹ̀, kí ẹ kọ ohun tí Sima Qian sọ àti ohun tí Ban Gu sọ sínú òpó irú orúkọ.